Àdúrà Bàbá Jẹ́ríkò

Àmín ti bọ́ lẹ́nu Fúnlọ́lá kó tó mọ ohun tí wọ́n fi àdúrà náà tọrọ.

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, nínú pálọ̀ ńlá Olóyè Adéróunmú, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jẹ́ríkò, ní Jẹ́ríkò, òun àti àwọn ọnọ́rébù ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú agbádá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá jókòó sórí àga, ó di ojú, ó ń gbàdúrà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí àgbàlagbà fi ń rẹ ọmọ-ọmọ lẹ́kún. Ó ní ọ̀nà wọn á là. Wọ́n ní àmín. Ó ní wọn ò ní ríbi nílé, wọn ò ní ríbi lóko. Wọ́n ní àmín. Ó ní oúnjẹ tí wọ́n jọ ń jẹ kò ní korò lẹ́nu wọn. Wọ́n tún ní àmín. Bàbá mí díẹ̀.

"Ẹni tó bá sì jáde níbí lónìí, tó lọ já ẹgbẹ́ jù sílẹ̀ lójú ọ̀tá, ohun tí onítọ̀hún fẹ́ràn jù láyé, kó má padà wá bá a nílé."

"Àmín," ni gbogbo pálọ̀ dáhùn. Ohùn Fúnlọ́lá wà nínú rẹ̀, ó tilẹ̀ ròkè díẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ, torí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tó la ojú, Bàbá ti la tirẹ̀, òun gan-an ló sì ń wò.

Ẹni tó bá mọ Bàbá Jẹ́ríkò dáadáa mọ̀ pé kì í mú ọmọ ẹgbẹ́ búra. Àwọn òṣèlú tí ọgbọ́n ò pọ̀ lórí wọn ló ń gbé irin síwájú èèyàn, tí ìwé ìròyìn á wá gbé e jáde lọ́jọ́ kejì. Àdúrà ni tirẹ̀. Ta ni yóò bá àgbàlagbà jà pé ó gbàdúrà? Láti kékeré ni ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́ àwọn kan nínú wọn, tí ilé kéwú sì kọ́ àwọn tó kù, pé ibi tí àgbà bá ti mí láàárín àdúrà, àyè àmín nìyẹn. Ẹnu á ti ṣí kí etí tó débẹ̀. Bàbá mọ èyí ju bí àlùfáà ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó sì mọ ibi tó yẹ kí òun ti mí.

Ìbò ni wọ́n fẹ́ dì lọ́jọ́ náà nílé aṣòfin, lórí ogun igbó. Ó ti tó ọdún méjì tí ìjọba ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, tí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ewé fún wọn, tí wọ́n pè wọ́n ní Ẹ̀ṣọ́ Igbó, tí wọ́n sì kó wọn lọ sínú igbó ńlá tó wà lẹ́bàá ààlà láti lé àwọn ajínigbé. Nígbà tí wọ́n ń lọ, gbogbo ìlú ló jó. Ṣùgbọ́n ogun kì í ṣe ohun tí à ń jó lọ ká jó bọ̀. Òkú bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní méjì méjì, àwọn ajínigbé sì ń ṣí láti igbó kan bọ́ sí òmíràn bí eṣinṣin tí a lé kúrò lórí ọbẹ̀. Ni Ọnọ́rébù Ẹnìtàn, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, bá gbé àbá wá pé kí ilé dá owó ogun náà dúró, kí wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà padà wálé. Ẹgbẹ́ Fúnlọ́lá fárígá. Ogun yìí ni wọ́n fi polongo ìbò, òun ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n ní ẹni tó bá gé owó ogun, ọrùn ẹgbẹ́ ló gé.

Nínú gbogbo àwọn tó kúnlẹ̀ àti àwọn tó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò nínú igbó, àfi Fúnlọ́lá. Démiládé, àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí Fúnlọ́lá fúnra rẹ̀ pọ̀n dàgbà nígbà tí wọ́n ń gbé ní Àgbowó, ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Ó rò pé bí wọ́n bá mọ̀, gbogbo ohun tí òun bá sọ lórí ogun náà, ẹkún ẹ̀gbọ́n ni wọ́n á kà á sí. Bàbá Jẹ́ríkò nìkan ló mọ̀, torí òun ló wá iṣẹ́ náà fún ọmọ ọ̀hún, nígbà tí Fúnlọ́lá wá bẹ̀ ẹ́ pé àbúrò òun kàwé tán, kò ríṣẹ́.

Oore tí Bàbá ṣe é kò mọ síbẹ̀. Ìkàrẹ́ ni bàbá Fúnlọ́lá, Tíṣà Ayẹni, ti wá sí Ìbàdàn, ó sì ṣiṣẹ́ tíṣà àti katikísì títí ó fi kú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde pé òun fẹ́ dupò, àwọn àgbà àdúgbò ní àjòjì ò lè lọ ṣojú àwọn. Bàbá bi wọ́n pé nínú wọn, baba ńlá ta ló hù láti inú ilẹ̀ Ìbàdàn bí olú, ta ni kò wá láti ibì kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí a bá ṣe èèyàn lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Fúnlọ́lá dúpẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ láti ọdún yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ yìí ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù pé ọpẹ́ náà kò lópin.

Bí wọ́n ti jáde, Babájídé ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ Fúnlọ́lá, ó wọlé jókòó, kò tọrọ àyè. Babájídé ni ẹgbẹ́ fi ń ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé aṣòfin kí ìbò wọn má baà yà. Bó bá ti yí ẹ̀yìn, darandaran ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọkọ̀ tòun ń gbóná lójú ọ̀nà, kí àwọn jọ máa lọ. Fúnlọ́lá mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe ọkọ̀ rẹ̀.

Dúgbẹ̀ ti kún lásìkò yẹn, takisí ń dí takisí lọ́nà. Babájídé sọ̀rọ̀ nípa òjò, ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ó tilẹ̀ bá awakọ̀ ṣàwàdà. Ìgbà tí wọ́n ń gun òkè Mọ́kọ́lá ló tó débi tó ń lọ. Ó ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ó ní àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń mì, wọ́n ń wojú ara wọn, ẹnì kan péré ni wọ́n sì ń dúró dè kó kọ́kọ́ dìde kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.

"Àdúrà àárọ̀ yìí," ó ní, ìta ló ń wò, "ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa?"

"Mo gbọ́."

"Bàbá ò gbà á fún gbogbo wa, Ọnọ́rébù. Èmi ò ní ẹnikẹ́ni nínú igbó."

Ara Fúnlọ́lá bù máṣọ. Babájídé ti mọ̀ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn ti mọ̀. Fúnlọ́lá ní òun fẹ́ yà sílé ní Bódìjà kí òun fún ìyá òun ní oògùn. Babájídé wo aago, ó ní kò burú, òun á dúró nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pẹ́.

Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń jókòó láràárọ̀, torí orí àpáta kan ni Démiládé ní láti gùn kí fóònù tó gbé, àárọ̀ nìkan ni wọ́n sì ń gbà á láàyè láti gùn ún. Obìnrin yìí ni wòlíì kan wá sọ fún nígbà kan rí pé àwọn ọ̀tá yí ìdílé rẹ̀ ká. Ó bi wòlíì náà pé ta ni kò lọ́tàá, ó sì gbé ẹ̀bà fún un. Nítorí náà, ẹ̀rín ni Fúnlọ́lá wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ròyìn àdúrà Bàbá fún un. Ó fẹ́ kí ìyá òun pòṣé, kó ní ìranù ni, kí ọ̀rọ̀ náà lè di ohun tí wọ́n jọ fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tún àdúrà náà sọ. Fúnlọ́lá tún un sọ.

"Ìwọ náà dáhùn?"

"Gbogbo èèyàn ló dáhùn, Màmá."

"Gbogbo èèyàn ò ní àbúrò níbẹ̀."

Ìyá náà ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù tí kò dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ló ní kí Fúnlọ́lá lọ sọ ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó sọ, kó jókòó nígbà tí wọ́n bá ní kó jókòó, kó dìde nígbà tí wọ́n bá ní kó dìde. Fúnlọ́lá wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "Màmá, ẹ kì í gba irú nǹkan báyìí gbọ́."

"Mi ò gbà á gbọ́. Ọlọ́run nìkan ni mo gbà gbọ́," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fi Démiládé dán an wò."

Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, ẹ̀rù tí yóò ba Fúnlọ́lá kò ní ju èyí lọ. Bí ẹni tí kò bẹ̀rù wòlíì bá lè bẹ̀rù Bàbá Jẹ́ríkò, kí ni tòun fẹ́ jẹ́? Fóònù dún.

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó bi í bóyá ó jẹun, ó bi í bóyá ẹsẹ̀ tó dùn ún ti san, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé ariwo ni yóò gbé ohùn rẹ̀ débẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù fún Fúnlọ́lá, ó yí ojú sí fèrèsé. Fúnlọ́lá gbé e lọ sí kíṣìnnì, ó ti ilẹ̀kùn.

Ohùn Démiládé tín-ín-rín, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní àwọn gbọ́ lórí rédíò pé ilé fẹ́ dìbò lónìí, gbogbo bùdó ló sì ti mọ̀. Fúnlọ́lá bi í pé kí ló fẹ́ kí òun ṣe. Démiládé kò rò ó, àfi bí ẹni pé ó ti ń dúró de ìbéèrè náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá fẹ́ fún wa lówó, ẹ fún wa. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó wa wálé. Ẹ má jẹ́ kó há sáàárín." Atẹ́gùn ń fẹ́ lórí fóònù. "Ọ̀nà kan ló wọ ibí. Ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá pẹ̀lú àwọn tó ń sìn ín nìkan ló lè gbà á kọjá. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹn ò bá wá mọ́, a ò lè fẹsẹ̀ rìn jáde. Àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń dúró dè wá."

Fúnlọ́lá ní òun gbọ́. Ó tún un sọ fún un, kó lè mọ̀ pé òun gbọ́ ọ: bí wọn ò bá ní fún wọn lówó, kí wọ́n kó wọn wálé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Démiládé wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Fóònù já. Fúnlọ́lá dúró síbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti fíríìjì. Láti kékeré, àní nígbà tí alùpùpù gbá a ní Àgbowó tí egungun apá rẹ̀ yọ, ọmọ yẹn kò sọ gbólóhùn náà rí. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé òun á dìbò pẹ̀lú ẹgbẹ́ alátakò, kí àbúrò òun lè máa bọ̀ nílé. Kì í ṣe pé àyà rẹ̀ le. Ẹ̀rù méjì ló dojú kọ ọ́, ọ̀kan kàn ju ìkejì lọ ni.

Nígbà tí wọ́n dé Sẹkitéríàtì, Babájídé sáré lọ wo àwọn tó kù. Ẹnìtàn ti ń dúró de Fúnlọ́lá lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo ni, lọ́yà ni kó tó di aṣòfin, òun àti Fúnlọ́lá sì ti sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò kí i pẹ́. Ó ní wọ́n ti ń bá òun dúnàá-dúrà lórí àbá náà láti àárọ̀. Àwọn kan tó fẹ́ tẹ̀ lé òun ní àwọn á gbà kí owó dúró, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ kíkó àwọn ọmọ padà wálé, ti gómìnà ni, kì í ṣe ti ilé. Kí òun yọ ọ́. Òun ò gbà. Wọ́n sì ti gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ilé, òun ò sì mọ ohun tí akọ̀wé yóò kà.

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi fetí sílẹ̀ nígbà tó bá ń kà á. Bí ẹ ò bá gbọ́ 'kí wọ́n kó wọn padà,' ẹ dìde, kí ẹ ní kí wọ́n fi kún un kí a tó dìbò. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní alátakò ni mí. Bó bá ti ẹnu yín jáde, kò sẹ́ni tó máa kọ̀ ọ́."

Fúnlọ́lá ní òun á ṣe é. Kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láyé: kéèyàn gbọ́, kéèyàn dìde.

Bó ti wọ inú ilé ìgbìmọ̀ tó jókòó, ohun tó kọ́kọ́ rí ni fìlà funfun kan lókè, níbi tí àwọn aráàlú máa ń jókòó sí láti wòran. Bàbá Jẹ́ríkò ni. Láti ìgbà tó ti ń fi èèyàn joyè òṣèlú, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ẹni tó ń rán èèyàn níṣẹ́ kì í tẹ̀ lé e lọ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọ̀pá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo wọn. Fúnlọ́lá mu omi inú ike tó wà níwájú rẹ̀ tán.

Wọ́n jiyàn títí. Ẹnì kan ní àwọn alátakò ń bá ajínigbé mulẹ̀. Ẹnì kan ní ẹgbẹ́ ìjọba ti sọ ogun di oko wọn. Wọ́n hú ìbò ọdún tó kọjá jáde, wọ́n hú èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ bú ìyá ẹnì kan, wọ́n sì ní kó tọrọ gáfárà. Fúnlọ́lá ń gbọ́ wọn bí ẹni tó ń gbọ́ ariwo ilé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bí òun yóò ṣe dìde. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó dán an wò díẹ̀ bóyá wọ́n lè gbé òun. Ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ó ní kó má ka ọ̀rọ̀ ẹnu òun ti àárọ̀ sí, ó ní òun ò gbọ́ kí òun tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń padà sí, ó sọ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Abẹnugan lu òòlù. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí akọ̀wé ka àbá náà, kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn dìde dúró lórí ẹsẹ̀ wọn kí gbogbo ayé lè rí wọn.

Akọ̀wé dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kíákíá bí ẹni tí ebi ń pa. Pé ilé yìí, lẹ́yìn tó ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, pinnu pé láti ìparí oṣù yìí, kí a dá gbogbo owó tó ń lọ sí ogun igbó dúró. Fúnlọ́lá fetí sílẹ̀, ó fetí sílẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Ní ibẹ̀ ni Babájídé, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, na ọrùn sí etí rẹ̀.

"Bàbá ń wò yín, Ọnọ́rébù."

Ó gbé ojú sókè. Bàbá ń wò ó lóòótọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àyà Fúnlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ó ń lù títí etí rẹ̀ fi dí, ẹnu akọ̀wé ń lọ ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Ó rí Démiládé lójú ọkàn rẹ̀, lórí àpáta. Ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tó fi máa wo iwájú padà, akọ̀wé ti jókòó, Ẹnìtàn sì ti yí ara padà lórí àga rẹ̀ ní òdìkejì, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ kan sókè díẹ̀, ó jù ú sí i lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń sọ pé dìde, dìde.

Fúnlọ́lá dìde.

Ó di etí tábìlì mú, kò sì wo òkè. Àga kan dún lẹ́yìn rẹ̀, ọnọ́rébù kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá dìde. Àga mìíràn tún dún. Wọ́n ti ń dúró de ẹni tí yóò ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí darandaran ti wí. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò sì dìde lápapọ̀. Abẹnugan kà wọ́n, ó tún wọn kà pẹ̀lú ojú tó fà ro, ó sì lu òòlù pé àbá wọlé. Ní òkè, Bàbá Jẹ́ríkò ti dìde, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ wá àtẹ̀gùn, kò yára, kò sì wẹ̀yìn. Babájídé kó ìwé rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fúnlọ́lá, ó ṣí lọ sí àga mìíràn. Ariwo ta, wọ́n ń dì mọ́ra ní apá ọ̀hún. Ẹnìtàn nìkan ló jókòó, ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí. Fúnlọ́lá rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tó jáde, ọkọ̀ rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n gbé e sí. Ẹgbẹ́ ló fún un ní ọkọ̀ náà, ẹgbẹ́ ló ń san owó awakọ̀. Wọn ò fi àkókò ṣòfò. Ó dẹ́rìn-ín díẹ̀ pa á. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ohun kan fúyẹ́ nínú rẹ̀ tí kò fúyẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti ṣe é. Ó bọ́ bàtà gíga rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà láti wá takisí.

Ìta gbangba níbẹ̀, lábẹ́ igi, àwọn obìnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan pẹ̀lú àwọn ọkùnrin àgbà bíi mélòó kan. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìbò ti jáde ni àwọn ẹbí Ẹ̀ṣọ́ Igbó ti ń wá jókòó síbẹ̀. Inú ọkọ̀ tó ti gíláàsì ni Fúnlọ́lá ti máa ń rí wọn. Obìnrin kan tó wọ ìró àdìrẹ rí i tó fi bàtà sọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sún fún un.

"Ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ta ni tiyín níbẹ̀?"

"Àbúrò mi ni," ni Fúnlọ́lá wí. Ó jókòó. Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn láti sọ, lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tó ti fi í pamọ́.

Obìnrin náà ní ọmọ tòun ni, àkọ́bí. Ó ní àwọn ti gbọ́ ariwo nínú ilé ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jáde wá sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí fún àwọn, bóyá ẹ̀yin gbọ́? Fúnlọ́lá ní wọ́n ti dá owó ogun náà dúró. Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó yíjú sí àwọn tó kù, ó sọ ọ́ fún wọn, ayọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu dé ẹnu títí dé òpin bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n wá ní kí wọ́n kó wọn bọ̀?"

Fúnlọ́lá la ẹnu láti dá a lóhùn. Ó wá ohùn akọ̀wé nínú orí ara rẹ̀, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Pé láti ìparí oṣù yìí. Pé kí a dá gbogbo owó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn Babájídé ló bá níbẹ̀, àti àyà tirẹ̀ tó ń lù. Ó wá sí iwájú, ó wá sí ẹ̀yìn. Ọwọ́ Ẹnìtàn ló wá rántí, bó ṣe jù ú sí i lẹ́ẹ̀mejì pé kó dìde, lẹ́yìn tí akọ̀wé jókòó, kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Kì í ṣe ìbò ló ní kó dìde dì; 'kí wọ́n kó wọn padà' ló ní kó dìde fi kún un.

Obìnrin náà ti yọ fóònù rẹ̀ jáde nínú ìró. Ó ní ó di àárọ̀ ọ̀la kí fóònù ọmọ òun tó gbé, ṣùgbọ́n òun fẹ́ tẹ ọjọ́ náà síbẹ̀ kí òun má baà gbàgbé, kí òun lè sọ ọ́ fún ọmọ òun.